Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ wọṣẹ́ ológun: ẹnu ọ̀nà wo ni kí n gbà?

Nọ́ọ̀sìTakie

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ níbí láì dá sí i, òní ni mo fẹ́ béèrè tèmi.

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ní RN, ìyẹn ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì tí kì í ṣe dìgírì, mo sì ti kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí mọ́ ọn. Ọmọ ọdún 25 ni mí. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Owó tí wọ́n ń san, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Tí mo bá yọ owó ọ̀kadà àti owó ilé kúrò, ohun tó kù kò ra àpò gàrí. Tí wọ́n bá ní kí èèyàn ṣe ṣíìfù òru lé ti ọ̀sán, kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá ó ti rẹ̀ ọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ jáde nílé ẹ̀kọ́ ti di ṣọ́jà. Ó fi fọ́tò ara rẹ̀ nínú kaakí ránṣẹ́ sí mi, ó ní tí wọ́n bá tún ṣí ìforúkọsílẹ̀ kí n má jẹ́ kó kọjá mi. Màmá mi gbọ́, ẹkún ló bú sí. Ó ní òun ò bímọ fún Boko Haram. Bàbá mi ò sọ nǹkan kan, ó kàn sọ tẹlifíṣọ̀n di aláriwo.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó mọ̀ ọ́n. Ṣé kí n fi RN yìí wọlé báyìí, àbí kí n lọ gba dìgírì ná kí n lè wọlé bí ọ́físà? Ṣé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n á jẹ́ kí n ṣe, àbí ìbọn ni wọ́n á gbé fún mi? Tó bá wá wù mí láti jápa lọ́jọ́ iwájú ńkọ́?

ÌyáÌbejì_Kínnírà

Ọmọ mi, kí ni mo rí kà yìí? Gbogbo ilé ìwòsàn tó wà nígboro yìí, Bowen wà níbẹ̀, LAUTECH wà níbẹ̀, ìwọ wá ń wá ibi tí wọ́n ti ń fi fèrè jí èèyàn. Mo wà lẹ́yìn màmá rẹ. Ṣùgbọ́n n ó jókòó síbí kí n máa ka ohun tí àwọn tó débẹ̀ máa sọ.

BàbáMẹ́díkà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo ilé. Ẹ̀ka ìṣègùn ọmọ ogun orí ilẹ̀ ni mo ti fẹ̀yìn tì. Mo ti wà níbẹ̀ kí ECOMOG, ọmọ ogun àjọ ECOWAS, tó wọ Liberia ní 1990, ohun tí mo fojú rí ni n ó sọ.

Àbúrò, ìbéèrè tí o fi ṣáájú yẹn ni gbogbo ìyókù so mọ́. Ẹnu ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni ti kurúùtù, ìyẹn kí o wọlé bíi ṣọ́jà, kì í ṣe ọ́físà. Dípò ní Zaria ni wọ́n máa gbé ọ lọ, nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni ìdálẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí kò níṣẹ́ ọwọ́ gbọ́dọ̀ wà láàárín ọdún 18 sí 22. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, tí nọ́ọ̀sì wà lára wọn, láti 18 dé 26 ni wọ́n máa ń kọ sínú ìkéde fún wọn. Èkejì ni DSSC. Ti àwọn tó ti gba dìgírì nìyẹn, tí wọ́n ti sìnlú tàbí tí wọ́n ní ìwé pé NYSC yọ̀ǹda wọn. Ọdún 22 sí 32 ni tiwọn, NDA, ilé ẹ̀kọ́ ológun tó wà ní Kaduna, ni wọ́n ti ń gba ìdálẹ́kọ̀ọ́, ọ́físà ni wọ́n sì ń bá jáde.

Ohun tí àwọn èwe kì í rò nìyí: ẹni tó bá gba ti kurúùtù wọlé kì í fò sí èkejì nígbà tó bá wù ú. Ọ̀nà tí ṣọ́jà fi ń di ọ́físà wà, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ lórí ìlà, àwọn ọ̀gá rẹ ló sì máa sọ pé o yẹ. Mo bá sájẹ́ǹtì kan ṣiṣẹ́ tó jẹ́ pé tí dókítà bá ń wá iṣan ọwọ́ aláìsàn tí kò rí i, òun ni wọ́n ń pè. Ọmọdébìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ́físà dé láti Kaduna, kò tíì lè dá wọ́ọ̀dù mú. Bó ṣe wọlé báyìí, sájẹ́ǹtì dìde, ó nà ṣánṣán, ó kí i. Kò sẹ́ni tó fìyà jẹ ẹ́ o, bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn. Tí o bá mọ̀ pé irú èyí máa dùn ọ́ wọra, má gba ẹnu ọ̀nà kurúùtù nítorí pé owó oṣù há.

Ní ti ìbọn, o máa kọ́ ọ, kò sí ṣọ́jà tí kì í kọ́ ọ. Àdéhùn Geneva ti 1949 dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìṣègùn lójú ogun, wọ́n sì lè gbé ohun ìjà kékeré láti fi gba ara wọn àti aláìsàn wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú igbó Sambisa ò ka ìwé yẹn.

Ọmọ_Arówómọlẹ̀

Bàbá, ẹ rọra dẹ́rù ba ọmọ o, ìlú bàbá Benjamin Adekunle la wà 😂

Mo fẹ́ fi ìtàn kan kún un. Obìnrin tó kọ́kọ́ di ọ́físà nínú ọmọ ogun ilẹ̀ Nàìjíríà, Josephine Tolefe, nọ́ọ̀sì ni. 1961 ni wọ́n gbà á. Obìnrin tó sì kọ́kọ́ di Mejọ Jẹ́nẹ́rà, Aderonke Kale, dókítà ọpọlọ ni, inú ẹ̀ka ìṣègùn yìí náà ló ti gòkè. Nítorí náà ẹni tó bá ń sọ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni, kó lọ wádìí.

ÌyáÌbejì_Kínnírà

Ta ló sọ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni? Mo ní iṣẹ́ wàhálà ni.

FìlàEwé

Nọ́ọ̀sì ọ́físà ni mí, DSSC ni mo gbà wọlé. N ò ní sọ ibi tí mo wà, ẹ má bínú.

Àbúrò mi, ẹ̀rù ìbọn ló ń ba gbogbo èèyàn, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wa kò yàtọ̀ sí èyí tí ò ń ṣe nísinsìnyí. Ìyàwó ṣọ́jà tó lóyún, ọmọ tí ibà ń ṣe, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ará àdúgbò tó gbọ́ pé ọwọ́ wa dáa. Tí o bá wà ní 68 ní Yaba tàbí 44 ní Kaduna, ilé ìwòsàn ológun ńlá ni wọ́n, bí o ṣe ń ṣe é níta náà ni.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá fi ọ́ ránṣẹ́ sí Máídúgùrì, yóò yàtọ̀. Wọ́n lè kó àwọn tí bọ́ǹbù orí ọ̀nà bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, iyanrìn á ti wọ inú egbò, bàtà á ti lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Síṣọ́ọ̀sì ni o máa fi gé kaakí kúrò lára ẹni tí ẹ jọ jẹun lánàá. O máa yan ẹni tí wọ́n á kọ́kọ́ gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ àti ẹni tó máa dúró, ẹni tó máa dúró yẹn á sì máa pe orúkọ rẹ. Ohun tí mo kọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ dídá dúró níbẹ̀, n ò lè kọ́ ọ nílé ìwòsàn kankan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. N ò sì lè sọ pé mo ń sùn dáadáa ní gbogbo ìgbà.

Nǹkan mìíràn tí wọn kì í sọ ni ọ̀rọ̀ ipò. Mo ti ní Mejọ kan ní wọ́ọ̀dù tó kọ abẹ́rẹ́. Ó ní òun ló ń pàṣẹ, wọn kì í pàṣẹ fún òun. Kọ́púrà ni nọ́ọ̀sì tó wà lórí iṣẹ́. Kí ló fẹ́ sọ? 'Sà, ẹ jọ̀ọ́ sà' ló ń tún wí títí mo fi dé, ipò tèmi náà ò sì tó ti ọkùnrin náà. Kọ́nẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ dókítà la pè, ó wá dúró lórí rẹ̀ bí ìyá tó ń fún ọmọ lágbo. Ẹ̀rín ni báyìí, kì í ṣe ẹ̀rín lọ́jọ́ náà.

Owó ń wọlé lóṣooṣù, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Ìlànà owó oṣù ológun, CONAFSS, ni wọ́n fi ń san fún wa, kì í ṣe CONHESS tí ẹ̀yin ti ilé ìwòsàn ìjọba ń gbà. Wọ́n lè rí ilé fún ọ ní bárékè, wọ́n sì lè má rí i.

Akọ̀wéẸgbẹ́

Ẹ̀gbọ́n FìlàEwé, mo kí yín. Ọ̀kan wà tí ẹ ò sọ. Ní ìparí oṣù keje 2025, ẹgbẹ́ àwa nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, NANNM, dáṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè, ìjọba pè wá síbi ìjókòó láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ṣé ẹ̀yin lè ṣe irú ẹ̀? Ọjọ́ tí wọ́n bá rẹ́ yín jẹ, ta lẹ ó fẹjọ́ sùn?

FìlàEwé

A ò lè ṣe é. Ológun kì í wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kì í sì í dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá rẹ ni wàá kọ ìwé sí, ọ̀gá rẹ ló sì máa pinnu bóyá yóò gòkè. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í gbófo, kó dúró síta. Mi ò fi ṣe èébú, ìta náà nílò yín.

Fọ́ọ̀mù_Dájú247

[Olùdarí ti yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò.]

Olùdarí

Ẹni yẹn ní òun ní 'ààyè' lọ́wọ́ fún nọ́ọ̀sì, kí wọ́n sanwó sínú àkáǹtì òun. A ti lé e jáde. Ẹ fetí sílẹ̀: ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀. Orí recruitment.army.mil.ng ni ti ọmọ ogun orí ilẹ̀ wà. Ojú omi àti òfurufú náà ní tiwọn, navy.mil.ng àti airforce.mil.ng ló sì máa ń parí àdírẹ́sì wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ san nǹkan, olè ni, ìbáà jẹ́ pé kaakí ló wọ̀ nínú fọ́tò.

ỌmọÀjílété_Texas

Ẹ kú ilé o. Nítorí pé àbúrò dárúkọ jápa, ẹ jẹ́ kí n sọ ti apá ibí, nítorí àwọn kan ń tan ara wọn jẹ lórí TikTok.

Nọ́ọ̀sì inú ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ọ́físà ni. Láti 1901 ni ẹ̀ka náà ti wà. Láti wọ ibẹ̀ o gbọ́dọ̀ ní dìgírì nọ́ọ̀sì, láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ kan lẹ́yìn ìdánwò NCLEX, kí o sì jẹ́ ọmọ onílẹ̀. Green card kò tó fún ọ́físà tó ń ṣiṣẹ́ ológun ní kíkún. Ẹni tó ní green card lè wọlé, ṣùgbọ́n ipò ṣọ́jà ló máa gbà á, wọ́n lè fi í ṣe olùtọ́jú lábẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo mọ ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀: nọ́ọ̀sì àgbà ni nílé, ó wá ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì kọ́ṣẹ́ tó o. Ó fara dà á, ó fi iṣẹ́ ológun gba ìwé ọmọ onílẹ̀ kíákíá, ó wá padà lọ sí ọ̀nà ọ́físà. Ẹlòmíì ò lè fara dà á.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ètò MAVNI tàn yín. Ètò yẹn gba àwọn tí kò ní green card, ó wá dókítà àti nọ́ọ̀sì, ó tún wá àwọn tó gbọ́ èdè kan, Yorùbá wà nínú àwọn èdè náà! Ṣùgbọ́n láti 2016 ni wọ́n ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbowó lórí rẹ̀ lónìí, ẹ bá mi kí i.

Ohun kan tún kù: wọ́n á sọ fún yín pé ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ máa fi sìn. Òótọ́ ni, àmọ́ ọdún 8 ni gbogbo àdéhùn náà. Lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò, orúkọ yín ṣì wà lọ́wọ́ wọn títí yóò fi pé, wọ́n sì lè pè yín padà.

Ọmọ_Arówómọlẹ̀

Ìlú Ọba ńkọ́?

ỌmọÀjílété_Texas

Ọmọ ilẹ̀ Commonwealth lè bèèrè lọ́dọ̀ ti Ìlú Ọba, Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ka nọ́ọ̀sì wọn àtijọ́, QARANC, ti di ọ̀kan pẹ̀lú ti àwọn dókítà láti 2024. Ìyókù, ẹni tó wà níbẹ̀ ni kó sọ ọ́.

Aṣọ_Funfun_Nìkan

Ó yà mí lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó sọ èyí. Ẹ lè ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ológun láì di ológun. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ètò ààbò ní òṣìṣẹ́ alágbádá, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣiṣẹ́. N kì í sá parédì, wọn kì í pósìtì mi sójú ogun, mo sì lè kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la tó bá wù mí. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ṣòro láti mọ ìgbà tí wọ́n ń gba èèyàn, àti pé ọ̀gá tó wọ kaakí á ṣáà máa wò ọ́ bí àlejò.

Nọ́ọ̀sìTakie

Háà, ẹ ṣeun gan-an. Màmá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń kà á, ó ní kí n kí ÌyáÌbejì.

Lọ́sàn-án yìí mo bọ́ bàtà, mo dúró síbi ọ̀pá tí a fi ń wọn gíga àwọn aboyún ní kílíníìkì, mo ní kí ẹnì kejì mi bá mi kà á. Mítà 1.66 ni. Mo rí i nínú ìkéde kan pé 1.65 ni fún obìnrin, àbí? Ọlọ́run ló yọ mí.

Ọ̀rọ̀ sájẹ́ǹtì tí bàbá sọ yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Mo tún fẹ́ béèrè: mo ní àfẹ́sọ́nà, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ló ti ń ṣiṣẹ́. A ti ń sọ̀rọ̀ ìdána.

FìlàEwé

Bẹ́ẹ̀ ni, 1.65 fún obìnrin, 1.68 fún ọkùnrin, lọ́dọ̀ ti orí ilẹ̀. Wọ́n á tún un wọ̀n níwájú rẹ, má wọ ìbọ̀sẹ̀ nípọn lọ.

Ìgbéyàwó: ka ìkéde dáadáa kí o tó mú ọjọ́. Ti òfurufú, fún àpẹẹrẹ, máa ń sọ ọ́ gbangba pé àwọn tó fẹ́ wọlé bíi kurúùtù ò gbọ́dọ̀ tíì ṣègbéyàwó. Kí ìwọ àti bọ̀dá jókòó sọ ọ́ tòótọ́-tòótọ́. Wọ́n lè gbé ọ lọ sí Sókótó lónìí, kí wọ́n tún gbé ọ lọ sí Port Harcourt kí ẹ tó kó ẹrù tán. Ṣé yóò tẹ̀ lé ọ? Àbí Ògbómọ̀ṣọ́ ni yóò máa dúró, tí ẹ ó máa ríra nígbà ìsinmi? Mo mọ ilé tó dúró bẹ́ẹ̀, mo sì mọ èyí tó tú.

Jápa: èyí ni kí o gbọ́ ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ológun kì í kàn kọ̀wé pé òun ti lọ. O ní láti gbàṣẹ kí o tó jáde nílẹ̀ yìí, ìbáà ṣe ìsinmi. Ẹni tó bá sá lọ, ìwà ọ̀daràn ni lábẹ́ òfin àwọn ológun, ilé ẹjọ́ ológun ló ń dájọ́ rẹ̀. Ní ìta, láti oṣù kẹta 2024, ìlànà tí ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì, NMCN, gbé jáde ní kí èèyàn ti lo ọdún méjì lẹ́yìn láísẹ́ǹsì gidi kí wọ́n tó bá a fi ìwé ránṣẹ́ sókè òkun. Inú bí gbogbo wa sí i, ṣùgbọ́n ọdún méjì lásán nìyẹn. Tí ọkàn rẹ bá ti wà ní Ìlú Ọba tẹ́lẹ̀, má fi iṣẹ́ ológun ṣe àtẹ̀gùn.

Má sì jẹ́ kí láísẹ́ǹsì rẹ kú. Ọdún mẹ́ta-mẹ́ta la ń tún un ṣe, kaakí ò yọ wá sílẹ̀.

BàbáMẹ́díkà

Ó ti sọ ọ́ tán. Ìṣirò kan péré ni n ó fi kún un.

O ti pé 25. Ti kurúùtù fẹ́rẹ̀ẹ́ tì mọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí ara rẹ fi ń wá pápápá. Ṣùgbọ́n ti ọ́físà ṣì ṣí sílẹ̀ fún ọ títí di 32. RN rẹ kò ṣòfò: NOUN, yunifásítì ọ̀nà jíjìn ti ìjọba àpapọ̀, ń gba RN fún BNSc, ìyẹn dìgírì nọ́ọ̀sì, LAUTECH tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé yín náà ní ti ọ̀nà jíjìn. O ó máa ṣíṣẹ́, o ó máa kàwé. Tí o bá parí, tí o sìnlú tàbí tí NYSC fún ọ ní ìwé ìyọ̀ǹda, ọjọ́ orí ò tíì lé ọ. Nígbà náà o ó mọ̀ bóyá kaakí ṣì wà lọ́kàn rẹ tàbí ìbínú sí ọ̀gá rẹ ló ń ṣe ọ́.

Tó bá jẹ́ pé nǹkan há débi pé o ò lè dúró, gba ti kurúùtù, n kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀, òun ni mo fi tọ́ ọmọ. Àmọ́ bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ kí ìkéde tó jáde. Ìwé ọmọ bíbí ìlú láti Kínnírà tàbí Arówómọlẹ̀, ibi tó bá kàn ọ́. Fọ́ọ̀mù ẹ̀rí tún wà tí alága ìjọba ìbílẹ̀ tàbí akọ̀wé rẹ̀ lè fọwọ́ sí, tàbí ọ́físà ológun láti Lẹ́fútẹ́nánt Kọ́nẹ́ẹ̀lì lọ sókè. Àwọn ọmọ máa ń fi èyí dúró di alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, alága á ti lọ sí Ìbàdàn.

ÌyáÌbejì_Kínnírà

Bàbá, ẹ ṣeun. Ìṣirò yẹn ni mo fara mọ́. Kí ó kàwé ná.

Nọ́ọ̀sìTakie

Màmá mi ti ń wá owó fọ́ọ̀mù BNSc. Ó ní ọdún tí mo bá fi kàwé, ọdún tí òun fi máa gbàdúrà nìyẹn 😂 N ó lọ bèèrè lọ́dọ̀ LAUTECH lọ́jọ́ Ajé. Bọ̀dá mi náà ti kà á tán, ó ní Sókótó ò jìnnà. A ó ṣì sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀yọ́Aláàfin

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú pé mo já lù ú. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin ni mí, ọmọ ọdún 24, gíga mi pé. Mo ní tatúù kékeré kan ní èjìká, orúkọ ìyá mi ni mo kọ síbẹ̀. Aṣọ á bò ó. Ṣé wọ́n á rí i?

BàbáMẹ́díkà

Pátá nìkan lo máa wọ̀ níwájú dókítà wọn. Wọ́n á rí i. Wọn ò gba tatúù kankan, ìbáà ṣe orúkọ ìyá. Ka ohun tí Aṣọ_Funfun_Nìkan kọ sókè yẹn.